Láptọ́ọ̀pù fífúyẹ́ fún ẹni tó ń kọ̀wé lójoojúmọ́: bí ẹ ṣe máa yan tòkunbọ̀ gidi, tí ẹ ó sì kó iṣẹ́ yín wọ inú rẹ̀ láìsọ àmì ohùn kankan nù

Láàárín ọdún kan, èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n ra láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, tòkunbọ̀ tó ń dán, tí kò wúwo ju odindi búrẹ́dì kan lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti padà sídìí ògbólógbòó tí wọ́n fẹ́ tà, èyí tó ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Ti ẹni àkọ́kọ́, bátìrì rẹ̀ kì í pé wákàtí kan. Ti ẹnì kejì, gbogbo ọ̀ àti ẹ́ inú ìwé rẹ̀ ló di àpótí òfìfo. Ti ẹnì kẹta ló dùn mí jù: bó ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, orúkọ ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè yọ gàdàgbà lójú rẹ̀, ó ní kó fi ìméèlì ibi iṣẹ́ wọlé.

Ẹnì kankan nínú wọn ì bá má kó sí wàhálà ká ní ó fara balẹ̀ fún wákàtí kan péré níwájú ìsọ̀. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kó má sanwó láptọ́ọ̀pù tí kò tíì fi kọ odindi ojú ìwé kan láìfi ṣájà sí i. Ẹni tó ń lọ sí Computer Village n'Íkẹjà tàbí ìsọ̀ tòkunbọ̀ ìlú mìíràn ni mo kọ èyí fún, tó sì jẹ́ pé ìwé kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀: oníròyìn, olùkọ́, ògbufọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣegboyè. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe fídíò tàbí géèmù, kó wá ìmọ̀ràn lọ síbòmíràn.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ojú ìwé kan tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ lédè Yorùbá, tó lámì dáadáa. Ẹ gbé e sínú fóònù, ẹ tún gbé e sínú fúláàṣì.
- Fóònù tó lè pín íntánẹ́ẹ̀tì fún láptọ́ọ̀pù, pẹ̀lú dátà tí kò ní tán lójijì.
- Háàdì dísíìkì àgbékiri tí ààyè inú rẹ̀ ju gbogbo fáìlì yín lọ.
- Páásìwọ́ọ̀dù ìméèlì yín, lórí ìwé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí.
- Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ní ọ̀sán Sátidé, èrò á pọ̀, ontajà á máa kánjú, ẹ̀yin náà á sì kánjú.

Ìpele 1: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ kọ́kọ́ wọn èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́. Mo gbé tèmi lé òṣùwọ̀n aládùúgbò mi tó ń ta ẹja dídì: kílò méjì ààbọ̀, ṣájà rẹ̀ ò sì tíì sí níbẹ̀. Ìyá yẹn bú sẹ́rìn-ín, ó ní èló ni mò ń ta kílò kan. Èyí tí ẹ fẹ́ rà kò gbọdọ̀ ju kílò kan ààbọ̀ lọ, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn àti èjìká yín lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ lóòótọ́.

Mẹ́rin ni mo máa ń dárúkọ. Lenovo ThinkPad X1 Carbon Gen 6, ti ọdún 2018, jẹ́ nǹkan bíi kílò 1.13. MacBook Air M1 ti ọdún 2020 jẹ́ 1.29, kò sì ní fáànù rárá, nítorí náà ẹ ò ní gbọ́ pìn-ín lára rẹ̀. Dell Latitude 7490 sún mọ́ 1.4. HP EliteBook 840 G5 sún mọ́ 1.5. Ìyàtọ̀ kan wà tí ontajà kì í sábà sọ: wọ́n jó RAM (ìrántí tí láptọ́ọ̀pù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) ti X1 Carbon àti ti MacBook mọ́ inú ni, ẹnjiníà kankan ò lè fi kún un lẹ́yìn ọ̀la. Bí ẹ bá ra oní-8GB, 8GB ló máa jẹ́ títí ayé rẹ̀. Latitude 7490 àti EliteBook 840 G5 ní ojúhò méjì tí ẹ lè ki RAM sí nígbà tówó bá dé. Tèmi ni pé 8GB tó kọ ìwé, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ X1, kó dúró de oní-16GB. Kí ibi ìkófáìlìsí jẹ́ SSD (irú èyí tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú), 256GB ó kéré tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á dárúkọ ẹ̀rọ ìṣirò Intel tó ń darí láptọ́ọ̀pù náà, wọ́n á ní "i7 ni", ẹ̀yin náà á sì rò pé ó ju i5 lọ. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ kà. Nínú i5-8350U, 8 tó ṣáájú ń sọ pé ìran kẹjọ ni. Nínú i7-6600U, ìran kẹfà ni. i5 yẹn ní ọpọlọ mẹ́rin nínú, i7 yẹn ní méjì péré. Ọ̀rọ̀ ìran yìí ṣe pàtàkì nítorí pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 kì í sì í gba Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ kan. Ontajà lè fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ki Windows 11 bọ inú ìran kẹfà. Yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ̀yin lẹ ó wá máa dá a gbé nígbà tó bá kọ àtúnṣe tuntun.

Bó bá jẹ́ MacBook Air lẹ fẹ́, ẹ fo ti 2018 àti 2019. Eruku díẹ̀ tó bá bọ́ sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù wọn, lẹ́tà kan á máa jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí kó má jáde mọ́. Eruku ìlú wa ẹ sì mọ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé, kí orúkọ méjì péré wà lórí ìwé lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú iye tí ẹ ò ní kọjá. Bó bá ti di márùn-ún, ontajà ló máa yàn fún yín.

Ìpele 2: Ẹ jókòó, ẹ kọ ojú ìwé kan

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àga. Bí wọ́n bá ní kò sí àga, ẹ kọ ọ́ lórí ìdúró. Ẹ ṣáà kọ ọ́. Ẹ yọ ṣájà kúrò, ẹ wo iye tí bátìrì wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ ṣí Notepad tàbí Word, kí ẹ sì da ojú ìwé tí ẹ gbé wá kọ látòkè délẹ̀. Kò tíì sí ohun èlò àmì lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà lásán ná. Ọwọ́ yín ni ẹ ń dán wò: ṣé bọ́tìnnì ń lọ sísàlẹ̀ dáadáa, ṣé ọ̀pá àlàfo ń dáhùn ní apá méjèèjì, ṣé àtẹ́lẹwọ́ yín kì í sún atọ́ka káàkiri?

Ẹ fi èékánná họ etí àwọn bọ́tìnnì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí: mo ra ọ̀kan tí lẹ́tà rẹ̀ mọ́ fúnfún. Oṣù kejì, ooru dé, sítíkà bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè. Abẹ́ Y ni mo ti bá Z. Kíbọ́ọ̀dù Jámánì ni, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lórí. Ètò kíbọ́ọ̀dù Jámánì ṣì wà nínú Windows rẹ̀ pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé nígbàkígbà tí mo bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ ọ̀pá àlàfo, "Yorùbá" á di "Zorùbá". Mo ti fi "Zorùbá" ránṣẹ́ sí olóòtú kan rí.

Sítíkà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó bá jẹ́ pé wọ́n sọ fún yín, tí owó sì wálẹ̀. Kí wọ́n fi pamọ́ ni kò dáa.

Bí ẹ ti ń kọ ọ́, ojú rẹ̀ funfun báláú níwájú yín, nítorí náà ẹ tún wo ojú náà. Àbàwọ́n funfun, ilà, igun tó dúdú, gbogbo rẹ̀ ló máa hàn lórí ojú ìwé òfìfo. Ẹ sún ojú náà síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá; bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú, wáyà inú rẹ̀ ti ń já lọ, ẹ dìde níbẹ̀.

Ó yege bí ẹ bá parí ojú ìwé náà láìṣe àṣìṣe tó ju ti ilé lọ, tí Y sì jẹ́ Y.

Ìpele 3: Bátìrì, kì í ṣe ẹnu ontajà

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, bátìrì yẹn ń gbé wákàtí márùn-ún dáadáa."

"O ṣé, àbúrò. Ṣáà jẹ́ kí n tẹ nǹkan kan."

Ohun tí ẹ ó tẹ̀ rèé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó ṣí, ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ tún tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó fi ìròyìn náà sí. Ẹ lọ ṣí fáìlì battery-report.html níbẹ̀. Ẹ wá ìlà méjì: Design Capacity, ìyẹn agbára tó bí bátìrì náà, àti Full Charge Capacity, ìyẹn agbára tó kù sí i lónìí. Ẹ fi ti òkè pín ti ìsàlẹ̀. Ká ní òkè jẹ́ 57,000, tí ìsàlẹ̀ jẹ́ 31,350, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Bó bá ju 80 lọ, mo máa ń rà á. Láàárín 60 sí 80, mo máa ń ná owó wálẹ̀. Bó bá relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè iye tí bátìrì tuntun jẹ́ nínú ìsọ̀ mìíràn, kì í ṣe níbi tí ẹ wà, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú owó náà.

Lórí MacBook, ẹ lọ sínú System Settings, ẹ tẹ Battery, ẹ wo Battery Health. Iye ìgbà tó ti gba iná yípo wà nínú System Information, lábẹ́ Power. Ẹgbẹ̀rún kan ni Apple kà fún un kí agbára rẹ̀ tó rọ̀.

Ẹ má wo iye wákàtí tí Windows fúnra rẹ̀ ń kọ sí ìsàlẹ̀. Ó ń yí padà bí ojú ọjọ́. Ojú ìwé tí ẹ kọ ní ìpele 2 ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí ogún ìṣẹ́jú bá jẹ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, odindi bátìrì kò lè ju wákàtí mẹ́ta ó lé ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá iná àdúgbò yín á fàyè gba ìyẹn.

Ẹ tún fi ṣájà USB-C dán an wò bí ihò rẹ̀ bá wà. Àwọn mẹ́rin tí mo dárúkọ lókè, USB-C lè fún X1 Carbon, EliteBook àti MacBook níná. Ti Latitude, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ṣájà 65W kan lè bá láptọ́ọ̀pù àti fóònù ṣe, bátìrì àgbékiri ńlá tó ní agbára PD (ọ̀nà tí USB-C fi ń fúnni ní iná púpọ̀) náà sì lè gbé yín dé ìparí àpilẹ̀kọ lọ́jọ́ tí NEPA bá ṣe bó ti ń ṣe.

Ìpele 4: Ṣé láptọ́ọ̀pù yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀?

Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ fífúyẹ́ ló wá láti ilé iṣẹ́ ńláńlá tó pààrọ̀ tiwọn. Kò sí ìṣòro nínú ìyẹn, àyàfi tí wọ́n bá gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn. Yóò ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ìsọ̀, nítorí pé wọn ò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá nù ún mọ́ láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, yóò padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀.

1. Ẹ ní kí ontajà ṣe Reset this PC níṣojú yín, kó yan Remove everything. Ó lè gba wákàtí kan. Ẹ lọ jẹun.
2. Nígbà tó bá jí padà, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan bá yọ lójú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá ní òun máa "bá yín yọ ọ́" ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan, ẹ kí i, ẹ máa lọ.
3. Lórí MacBook, ọ̀rọ̀ méjì ni kò gbọdọ̀ yọ: Activation Lock àti Remote Management.
4. Ẹ pa á, ẹ tún tàn án. Ẹ tẹ F1 léraléra bó bá jẹ́ ThinkPad, F2 fún Dell, F10 fún HP. Bó bá béèrè páásìwọ́ọ̀dù kí ẹ tó lè wọ BIOS (ètò inú tó ń jí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), tí ontajà ò sì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe tiyín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo Settings, System, Activation. Ó gbọ́dọ̀ kọ Active síbẹ̀. Ìyókù, ẹ yára dán an wò: káméérà, ohùn, ihò fúláàṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ láptọ́ọ̀pù náà wà lára rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ "1 laptop" sí lásán.

Ẹ lè sanwó báyìí.

Ìpele 5: Àmì ohùn ṣáájú ohun gbogbo

Bí ẹ bá délé, Windows á fẹ́ wa gbogbo àtúnṣe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, OneDrive á sì fẹ́ máa rọ fáìlì yín lọ sókè. Dátà á jóná kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ẹ ṣí Wi-Fi tí ẹ so mọ́ ọn, ẹ tan Metered connection. Ẹ jẹ́ kó ṣe àtúnṣe nígbà tí ẹ bá dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀, àmọ́ ẹ má gbàgbé.

Ẹ wá gbé ohun èlò àmì sórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí nǹkan fi ń bàjẹ́ níbí. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn: 1EB9, 1ECD, 1E63. Àmọ́ ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ló so pọ̀: ẹ, lẹ́yìn náà àmì òkè tó gun orí rẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí a ti ń gbé àmì gun orí lẹ́tà á sọ àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó ya àpótí. Láptọ́ọ̀pù kọ́ ló bàjẹ́.

1. Keyman ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac. Ẹ wa á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú rẹ̀, ẹ fi sí i.
2. Bí ẹ bá jẹ́ oní-MacBook tí kò fẹ́ fi ohunkóhun kún un, ẹ tan ABC Extended nínú ètò kíbọ́ọ̀dù. Option pẹ̀lú x ni àmì abẹ́, Option pẹ̀lú e ni àmì òkè.
3. Ẹ yọ gbogbo kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ò lò kúrò nínú ètò èdè, ìyẹn ti Jámánì, ti Faransé, èyíkéyìí tó bá bá láptọ́ọ̀pù náà wá. Ẹ rántí "Zorùbá".
4. Ẹ yan fọ́ǹtì kan, kí ẹ dúró tì í. Charis SIL àti Noto Sans kì í já mi kulẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá kán yín lójú kí Keyman tó wọlé, nínú Word, ẹ kọ 1ECD, ẹ tẹ Alt pọ̀ mọ́ X, ó di ọ. Ẹ kọ 0301 tẹ̀ lé e, ẹ tún tẹ Alt pọ̀ mọ́ X, àmì òkè á gun orí rẹ̀. Ó lọ́ra bí ìgbín, àmọ́ ó ti gba iṣẹ́ là fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan.

Àṣìṣe kan wà tí kì í hàn sójú. Ẹ lè kọ ẹ́ lọ́nà méjì: ẹ kí àmì òkè tẹ̀ lé e, tàbí é kí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e. Ojú kan náà ni wọ́n ní, àmọ́ kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ohun èlò àtijọ́ yín bá ń kọ ọ́ báyìí tí tuntun ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún, ẹ lè wá "ẹsẹ̀" nínú ìwé yín kí wọ́n ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú yín. Bó bá ṣeé ṣe, ohun èlò kan náà ni kí ẹ lò lórí méjèèjì.

Ìdánwò rẹ̀: ẹ kọ gbólóhùn yìí, kì í ṣe kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ l'Óṣogbo, ǹjẹ́ ẹ̀yin ò ní jẹ ẹ̀bà?" Ẹ fi pamọ́, ẹ yí i sí PDF, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Bí àmì kankan bá ṣí kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀, ẹ padà sí nọ́ńbà 4.

Ìpele 6: Kíkó fáìlì

Ẹ dà á kọ ni o, ẹ má gé e. Copy, kì í ṣe Cut. Láti ògbólógbòó sí háàdì dísíìkì, láti ibẹ̀ sí tuntun, kí ti háàdì dísíìkì sì wà níbẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló ń rántí Documents. Wọ́n máa ń gbàgbé Desktop àti Downloads, níbi tí ìdajì iṣẹ́ wọn wà. Àwọn òǹkọ̀wé sì tún ní ìṣúra kan tí wọn kì í mọ̀ pé àwọn ní: gbogbo orúkọ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ ti kọ́ Word láti ọdún yìí wá, kó má baà máa fa ilà pupa sábẹ́ wọn. Inú fáìlì CUSTOM.DIC ni wọ́n wà. Ẹ kọ %AppData%\Microsoft\UProof sí ojú ọ̀nà fódà, ẹ ó bá a níbẹ̀. Normal.dotm, tó ń pa ètò ojú ìwé yín mọ́, wà nínú %AppData%\Microsoft\Templates. Ẹ pa Word kí ẹ tó dà wọ́n kọ.

Bí ẹ bá ní ìwé àtijọ́ tí ẹ fi fọ́ǹtì àkànṣe kọ kí Unicode tó dé, ẹ mú fọ́ǹtì náà dání. Láìsí i, ìwé náà á dà bí èébì kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó sọ ògbólógbòó nù, ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí PDF lórí rẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò: ẹ tẹ fódà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tún, ẹ yan Properties, ẹ wo iye fáìlì. Iye tó wà ní ògbólógbòó gbọ́dọ̀ bá ti tuntun mu géérégé. Bí ọ̀kan bá dín, ẹ wá a.

Ìpele 7: Ọ̀sẹ̀ méjì, kí ògbólógbòó tó lọ

Ẹ fi ògbólógbòó sórí àpótí aṣọ, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì tà á. Ohun tí ẹ gbàgbé á yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Láàárín àkókò yẹn, ẹ lọ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín. Windows 11 sábà máa ń ti fáìlì pa fúnra rẹ̀ tí ẹ bá ti fi ìméèlì Microsoft wọlé, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àkáǹtì yín. Ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí BIOS bá yí padà, yóò béèrè rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Bó bá jẹ́ ThinkPad tàbí Dell tí ẹ máa ń fi sójú iná ní gbogbo ọjọ́, ẹ lo ètò tí wọ́n fi bá a wá láti dá gbígba iná dúró ní 80. Bátìrì á pẹ́ sí i.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ẹ ṣe Reset this PC lórí ògbólógbòó, ẹ yan Remove everything, ẹ wọ Change settings, ẹ tan Clean data. Láìtan èyí, ẹni tó bá rà á lè tún rí ìwé yín wú jáde. Ẹ tàn án lẹ́yìn tó bá parí: bó bá ń béèrè orílẹ̀-èdè àti èdè lọ́wọ́ yín bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé iṣẹ́, ó ti ṣe é gbé jáde.